Gìtá Mẹ́ta Tó Mọ Ọwọ́

Ọ̀sán ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Gìtá tí à ń ṣe lọ́wọ́ fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń kùn. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Irú gìtá oníná bẹ́ẹ̀, bí a bá ti tan ẹ̀rọ rẹ̀, á máa kùn ṣáá bí oyin nínú ihò igi. Mo kẹ́yìn sí i, mò ń yọ́ òjé sí ẹnu wáyà kan. Lójijì, ó dákẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ohun kan ṣoṣo la mọ̀ tó ń mú gìtá dákẹ́: kí èèyàn fọwọ́ kan okùn rẹ̀. Mo yíjú padà láti mọ ẹni tó wọlé láì kí wa. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá mi wà lórí àga rẹ̀ ní apá kejì yàrá, ó ń yí wáyà, kò gbójú sókè. Mo wá rí i pé gìtá náà ti yọ̀ díẹ̀ lára ògiri, okùn rẹ̀ sì ti kan irin ojú fèrèsé. Níbi tí irin ti kan irin, iná kan wà níbẹ̀ tí kò tó orí abẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró. Ó ń ṣẹ́jú.

Mo dúró títí ọ̀gá mi fi fa ìlẹ̀kẹ̀ tó kù lára tẹ̀súbáà tó fi ń ka wáyà kí n tó lanu.

"Ọ̀gá, gìtá yìí dákẹ́ fúnra rẹ̀."

Ó wò ó láti ibi tó jókòó. "Ó ti gba ilé ni," ó ní. "Èyí tó bá ti gba ilé, kì í pẹ́ kó tó gba ẹni tó ni ín. Gbé e kúrò níbẹ̀ kí ó má baà ha."

Mo gbé e. Sílípáàsì rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ mi, orí pákó ni mo sì dúró sí, nítorí náà kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọkàn mi sọ fún mi pé irin tó ń tan iná sí irin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá kí gìtá gba ilé. Ó yẹ kí n sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi nìkan kọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ gìtá ṣe é kọ́ ni mo torí yín kọ èyí. Ó ṣe é kọ́. Ó bọ́ mi, ó kọ́ mi ní sùúrù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Irun mi kò tíì funfun tán tí mo fi fi í sílẹ̀, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ẹ kà á dópin kí ẹ tó yan.

Ìwó ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo parí ilé ìwé girama, bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Làmídì, tó ń yí wáyà fáànù àti ti ẹ̀rọ omi ní àdúgbò wa. Àdéhùn kò gba àkókò. Wọ́n ṣe àdúà, bàbá mi sì gba oko lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé fáànù kọ́ ló wà lọ́kàn ọkùnrin náà. Nígbà èwe rẹ̀, ó ti ta gìtá kiri ìlú pẹ̀lú àwọn ọmọ ìgbà náà tí wọ́n ń dá irun sí, tí wọ́n ń wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń kọ orin rọ́ọ̀kì. Ẹgbẹ́ náà tú ká, ṣùgbọ́n ohùn gìtá yẹn kò kúrò létí rẹ̀. Fáànù ló fi ń jẹun, gìtá ló fi ń sùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí à ń ṣe. Lábẹ́ okùn gìtá oníná, ohun pẹlẹbẹ kan wà tí àwọn olórin ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ọkọ̀ akẹ́rù, ṣùgbọ́n ohùn ni eléyìí ń kó. Òòfà wà láàárín rẹ̀, a ó sì yí wáyà tó tín ju irun orí lọ mọ́ ọn lára ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Okùn á gbọ̀n lókè òòfà, wáyà á gbọ́ ọ, á fi ránṣẹ́ sí áńpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí gìtá ṣe máa dún, kó má wo ẹwà igi rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù ni kó wò.

Ẹ̀rọ ìránṣọ alọ́wọ́yí kan tí kò ní abẹ́rẹ́ mọ́ ni ọ̀gá mi fi ń yí tiwa. Ọwọ́ ọ̀tún á máa yí ẹ̀rọ, ọwọ́ òsì á máa tọ́ wáyà láàárín àtàǹpàkò àti ìka méjì. Bí o bá fún un jù, á já. Bí o bá dẹ̀ ẹ́ jù, á máa gbọ̀n nínú ìdí ara rẹ̀, gìtá á sì máa gbọ́ ohun tí kò yẹ kó gbọ́. A ní ọ̀kan bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì rí. Bí o bá sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ á jáde nínú áńpù, á tẹ́ẹ́rẹ́ bí ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Ọ̀gá mi da ìda gbígbóná bò ó, ó sì dákẹ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu mi nítòsí gìtá.

Báwo ni èèyàn ṣe máa ka ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ láì ṣìnà? Tẹ̀súbáà ni ọ̀gá mi ń lò. Tó bá yí i ní ọgọ́rùn-ún, á dúró, á fa ìlẹ̀kẹ̀ kan lórí itan rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Títí ìlẹ̀kẹ̀ ọgọ́rin á fi pé, kò sí ìkíni, kò sí ìdáhùn; òfin kìíní nìyẹn. Odídẹ ni wọ́n fi ń ki àwa ọmọ Ìwó, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n wa lẹ́nu. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, a máa ń dákẹ́ bí ẹni tó wà lórí kíkí ìrun.

Ìyá àgbà kan gbé fáànù wá lọ́jọ́ kan. Wọ́n kí ọ̀gá mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn.

"Làmídì, ṣé o ti ya odi ni?"

Mo tọ̀ wọ́n lọ, mo dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Ó ku ogójì."

"Ogójì kí ni? Ogójì ọdún? Bá mi sọ fún un pé ooru máa ti pa mí kó tó kà á tán."

Tí mo bá yí tèmi tán, á bi mí pé, "Mélòó?" Ohunkóhun tí mo bá dáhùn, gbólóhùn kan náà ló máa sọ: "Tún un kà." Ìyẹn ni pé kí n tú u palẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo tú ju èyí tí mo yí lọ. Mo máa ń gbọ́ "Tún un kà" lójú oorun.

Òfin kejì ni ti pákó. Pákó gígùn kan wà níwájú tábìlì iṣẹ́. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan gìtá láì dúró lórí rẹ̀, pẹ̀lú sílípáàsì rọ́bà lẹ́sẹ̀. Mo béèrè ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ọ̀gá tó kọ́ èmi náà, orí pákó ló ń dúró sí," ló fi dá mi lóhùn. Ó parí síbẹ̀.

Òfin kẹta ló bí gbogbo wàhálà. Ọ̀gá Làmídì gbà pé píkọ́ọ̀pù máa ń mọ èèyàn. Oníbàárà á jókòó, a ó tan áńpù, gìtá á máa kùn. A ó ní kó fọwọ́ lé okùn. Bí kíkùn náà bá dákẹ́ pátápátá, ọ̀gá mi á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó ti mọ ọwọ́ rẹ." Bí kò bá dákẹ́ tó, kò ní tà á fún un, ó máa wá òmíràn. Báyìí la ṣe ń yan píkọ́ọ̀pù fún gbogbo ayé. Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́, tó bá rí i bí ohun tó ń kùn ṣe ń panu mọ́ lábẹ́ ọwọ́ òun nìkan?

Lónìí mo mọ̀ pé ara èèyàn ló ń dí kíkùn náà lọ́nà. Píkọ́ọ̀pù kò mọ ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ń wá ohùn rọ́ọ̀kì àtijọ́ ni ọ̀gá mi fẹ́ràn jù. Nítorí wọn ló ṣe ń fi egungun rédíò àtijọ́ kan áńpù onígò, èyí tí gíláàsì inú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹyin iná tí wọ́n bá tàn án. Mẹ́ta péré ló kàn. Bó bá ti parí ọ̀kan, á fi ọ̀bẹ fa ilà kan sí etí tábìlì.

Àwọn áńpù náà ń kùn jù, ọ̀gá mi sì wá ọgbọ́n kan dá sí i. Wáyà méjì ló ń gbé iná wọ ilé: ọ̀kan gbóná, ìyẹn ni pé iná wà nínú rẹ̀, ọ̀kan tutù. Ó so gbogbo ara irin áńpù mọ́ ẹsẹ̀ pọ́lọ́ọ̀gì tí ó yẹ kó wọ èyí tó tutù. Ṣùgbọ́n pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, ó lè wọ ògiri síhìn-ín, ó lè wọ ọ́ sọ́hùn-ún. Kí oníbàárà má baà ṣì í kì, ó fi kútẹ̀ẹ̀sì ìyàwó rẹ̀ kun ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. "Pupa lókè," ló máa ń wí fún wọn. "Pupa lókè, àlàáfíà nísàlẹ̀."

Kò ro ti òpó iná. Bí ẹni tó so wáyà lórí òpó bá so èyí tó gbóná sí ipò èyí tó tutù, pupa lókè ti di irọ́. Gbogbo irin ara áńpù á gbóná, á gba inú wáyà gìtá bọ́ sára okùn, á sì jókòó síbẹ̀ de ọwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo rí iná aláwọ̀ aró yẹn, ìjì ti já wáyà àdúgbò wa, wọ́n sì ti tún un so. A kò mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé orí pákó la wà. Pákó tí ọ̀gá wa fi dáàbò bò wá ló bo àṣírí ikú mọ́lẹ̀.

Gìtá ọjọ́ yẹn, Bọ̀dá Táíwò ló ni ín. Ọmọ Ilé-Ogbó ni, ó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Òṣogbo. Bàbá rẹ̀ fi àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún un, ó sì fẹ́ kí gìtá òun dún bíi tinú wọn.

"Ohùn tó nípọn ni mo fẹ́, Ọ̀gá," ó ní. "Tó ń ké díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ariwo."

A kọ́kọ́ fi olókan sí i, píkọ́ọ̀pù tí wáyà rẹ̀ jẹ́ ìdì kan tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ta á. Ó mọ́ gaara bí agogo.

"Eléyìí dára," ó ní, "ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi kí n dìde kí n máa kí ìyàwó àti ọkọ."

A fi ìbejì sí i, ìdì méjì tí wọ́n sùn ti ara wọn. Ohun tí ọ̀kan bá ń kùn, èkejì á gbé e mì. Ohùn rẹ̀ ki bí oyin, kò sì kùn rárá. Bọ̀dá Táíwò di ojú. "Ó jọ ọ́," ó ní. "Ó jọ ọ́ gan-an."

Ọ̀gá mi mi orí. "Èyí tí kì í kùn, báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́?"

"Ṣé dandan ni kó mọ̀ mí, Ọ̀gá? Ìyàwó mi gan-an kò tíì mọ̀ mí tán."

A rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ẹ̀kẹta jáde, olókan tó fẹ̀, tó sanra. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì ń ké létí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára ju ìbejì lọ. Ṣùgbọ́n ó ń kùn ju gbogbo wọn lọ. Bọ̀dá Táíwò fọwọ́ lé okùn. Inú ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́. A gbọ́ ẹsẹ̀ adìẹ níta.

"Ó ti mọ ọwọ́ rẹ," ni ọ̀gá mi wí. Bọ̀dá Táíwò wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ó sì ní èyí lòun fẹ́.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí mo rí iná aláwọ̀ aró náà la gbé gìtá náà àti áńpù onígò tí Bọ̀dá Táíwò rà lọ sí Ilé-Ogbó. Àwọn tó ti kàwé jáde ní ilé ìwé kan níbẹ̀ ń ṣe àpèjọ, Bọ̀dá Táíwò sì fẹ́ ta gìtá fún wọn. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, pápá ilé ìwé náà rin gbindin. Mo bọ́ bàtà mi nítorí ẹrẹ̀. Mo ki pọ́lọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, pupa lókè, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti so wáyà òpó ibẹ̀ náà lódì. Gìtá ń kùn. Mo gbé e kọ́rùn láti tún okùn rẹ̀ ṣe, mo wá na ọwọ́ kejì sí irin tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dúró.

Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo fẹ́ pariwo, ẹnu mi kò là. Ọwọ́ òsì mi di okùn mú, mo ní kó jù ú sílẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Kíkùn náà ni mo ń gbọ́, kì í ṣe létí, inú eyín mi ló wà. Mo rí ọ̀gá mi tó ń sáré bọ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn mí. Ó fi apá méjèèjì gbá mi mú láti ẹ̀yìn, òun náà sì dúró gbọnin. Mo gbọ́ kíkùn náà tó ti ara mi kọjá sí ara rẹ̀. Bọ̀dá Táíwò, tí bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ló ta wáyà náà ní ìpá tó fi já kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

A là á já. Ìka méjì lọ́wọ́ òsì mi, àwọn tó ń tọ́ wáyà, kú títí dòní. Mo lè ká wọn, mo lè nà wọ́n, ṣùgbọ́n bí o bá fi abẹ́rẹ́ gún wọn, mi ò ní mọ̀. Ti ọ̀gá mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó kúrò ní ọsibítù, ó ń jẹun, ó ń rìn, ó ń kírun, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ó sì ń kùn.

Mo mọ ohùn náà. Ohùn kan ṣoṣo ni, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ohùn gìtá wa ni.

Ohun tó le jù nìyí. Ìgbà tí iná bá wà nìkan ló ń kùn. Bí wọ́n bá mú iná lọ, á dákẹ́. Bí iná bá dé, á bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn ṣáájú kí gílóòbù tó mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ di eré: "Bàbá ti kùn, iná ti dé." Mo lọ kí i lójoojúmọ́. Bí mo bá gbọ́wọ́ lé e léjìká, kíkùn náà á dákẹ́. Bí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bàṣírù, wò wá bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Ràsákì," ni wọ́n wí, "èmi ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án, kì í dákẹ́. Kí ló fẹ́ lọ́wọ́ rẹ?"

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì jókòó ti tábìlì. Ibẹ̀ ni mo ti rí ilà mẹ́ta tó fi ọ̀bẹ fà.

Mẹ́ta. Ti Ilé-Ogbó ni ìkan. Méjì ṣì wà níta, pupa lókè, lọ́wọ́ àwọn tó rò pé ó mọ̀ wọ́n.

Ìkan rọrùn, èmi ni mo gbé e lọ sí Olúpọ̀nnà fún télọ̀ kan tó ń jẹ́ Sùnmọ́nù. Mo ra tésítà, irin pẹlẹbẹ tí iná kékeré inú rẹ̀ máa ń pọ́n bó bá kan ohun tó gbóná, mo sì lọ sọ fún un pé kó dá gìtá àti áńpù náà padà.

"Ṣé o fẹ́ gba ìyàwó mi ni?" ó ní. "Gìtá yìí kì í dákẹ́ fún ẹlòmíì."

Mo fi tésítà kan okùn. Kò pọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ó pe àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ wá wò mí. Mo yọ pọ́lọ́ọ̀gì, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo kì í padà, mo tún fi tésítà kàn án. Ó pọ́n bí ojú ológbò. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn.

"Ìyàwó mi máa ń fi aṣọ tútù nu ẹ̀rọ yìí," ni Sùnmọ́nù wí. "Gbé e kúrò nílé mi."

Ìkan yòókù ni mi ò mọ̀. Ìgbà tí mo lọ ra wáyà ní Ìbàdàn ni wọ́n wá gbé e. Ìyá Bàṣírù rántí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó rẹ́rìn-ín púpọ̀, wọn kò sì rántí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀ síwájú ọ̀gá mi, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ta lẹ tà á fún?" Ó wò mí. Ó fa ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ó ń kùn.

Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọdún ṣe lọ. Mo ṣe iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀nà mi yí padà. Mo gbá irin gígùn kan wọlẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fi iyọ̀ àti èédú sí ìdí rẹ̀, mo so gbogbo ara irin ẹ̀rọ mọ́ ọn, kí iná tó bá ṣìnà lè bá ilẹ̀ lọ dípò kó bá èèyàn lọ. Mo gbé pákó náà jù sínú igi ìdáná. Mi ò ta ohun tó mọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ohùn rọ́ọ̀kì àtijọ́, ìbejì ni mò ń fún un, kì í ṣe èyí tó ń pariwo jù. Wáyà tó pọ̀ jù máa ń pa ohùn tó mọ́, òòfà tó le jù máa ń fa okùn mọ́ra débi tí kò ní dún pẹ́. Èyí tó wà níwọ̀nba ni kí ẹ yàn, kí ẹ jẹ́ kí áńpù ṣe igbe tó kù.

Irinṣẹ́ náà yí padà. Ẹ̀rọ kékeré kan dé tó ń ka iye ìgbà tí a yí wáyà fúnra rẹ̀, kò ṣàṣìṣe rí, a kò sì nílò ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ra píkọ́ọ̀pù láti òkè òkun, èmi kàn ń bá wọn so ó. Mi ò bínú. Ìka tí kò mọ abẹ́rẹ́, báwo ló ṣe máa tọ́ wáyà tó tín ju irun lọ?

Ẹ̀rù ni kò yí padà. Bí mo bá gbọ́ pé iná gbé ẹnì kan níbì kan, màá wọ mọ́tò lọ síbẹ̀, màá béèrè bóyá gìtá wà nínú ilé náà. Mo ń fi tésítà kan geéètì kí n tó ṣí i, mo ń fi kan ẹnu ẹ̀rọ omi. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ó wà nínú àpò mi.

Lọ́jọ́ kan, ní ọ̀sán, fóònù mi dún. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni, ó ní Kúta lòun ti ń pè, ẹnì kan ní Ìwó ló fún òun ní nọ́ńbà mi.

"Ẹ ǹlẹ́ sà. Fúnkẹ́ lorúkọ mi. Bàbá mi fi gìtá àti áńpù onígò kan sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Làmídì ni wọ́n ti rà á. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi yan píkọ́ọ̀pù tó máa jẹ́ kó dún bíi rọ́ọ̀kì àtijọ́, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ ń kùn. Ṣùgbọ́n bàbá mi máa ń sọ pé bí ọmọ ilé wa bá fọwọ́ kàn án, á dákẹ́."

Mo fò dìde. "Ṣé pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ wà nínú ògiri báyìí?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Àtìgbà tí tìràǹsífọ́mà wa ti jó la ò ti ní iná, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé tuntun dé. Wọ́n ní kó tó di ìrọ̀lẹ́ òní, wọ́n máa tàn án. Gìtá ti wà lọ́wọ́ mi, mò ń dúró dè é. Ẹ má bínú, fóònù mi fẹ́ ku..."

Ó kú. Mo pè é padà, kò wọlé.

Mi ò rántí bí mo ṣe gun ọ̀kadà. Bí a ṣe wọ Kúta, mo rí àwọn ọkùnrin lórí òpó, wọ́n ń so wáyà ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo béèrè ilé ọkùnrin onírùngbọ̀n tó máa ń ta gìtá, tó ti kú. Wọ́n nawọ́ sí i.

Ìyá Fúnkẹ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀," ni wọ́n wí. "Ta la ń bá wí?" Ẹni tó bá lẹ́kọ̀ọ́ máa dọ̀bálẹ̀, á kí ilé, á kí ọ̀nà, á gba omi mu kó tó sọ ohun tó bá wá. Mo ti fi ìwà bẹ́ẹ̀ pa ẹnu mọ́ nígbà kan rí. Mo kọjá lára wọn láì kí wọn.

"Kí lèyí? Ìwọ ọkùnrin yìí, ibo lò ń lọ?"

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi nu ilẹ̀ pálọ̀, ó ń dán. Fúnkẹ́ jókòó lórí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lásán lórí sìmẹ́ńtì tútù, ọwọ́ rẹ̀ lórí okùn. Mo rí kútẹ̀ẹ̀sì náà lára ògiri. Pupa lókè. Mo fa pọ́lọ́ọ̀gì náà yọ.

Ìyá rẹ̀ ti dé ẹ̀yìn mi. "Àgbàlagbà bíi tìẹ, o wọlé onílé láì kí i, o sì ń fa nǹkan já. Ilé ta ni wọ́n ti tọ́ ẹ?"

Ìgbà náà ni ariwo sọ ní gbogbo ìlú. Àwọn ọmọdé ń hó, gílóòbù orí wa mọ́lẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí omi náà. Mo bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà mo ní kí Fúnkẹ́ gbé gìtá sórí tábìlì onípákó, kí gbogbo wa sún sẹ́yìn, mo sì ki pọ́lọ́ọ̀gì náà padà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo nawọ́ tésítà sí okùn rẹ̀. Ó pọ́n.

Màmá wo tésítà, wọ́n wo ẹsẹ̀ ọmọ wọn, wọ́n wo ilẹ̀ tí àwọn fúnra wọn nù. Wọ́n wá rọra jókòó.

"Ẹ káàbọ̀," ni wọ́n tún wí, ohùn wọn ti yàtọ̀. "Fúnkẹ́, bu omi fún bàbá."

Mo gé pọ́lọ́ọ̀gì náà kúrò lẹ́nu wáyà rẹ̀, mo tú wáyà tí ọ̀gá mi so mọ́ ara irin. Mo ṣèlérí fún Fúnkẹ́ pé ìbejì ni màá fi sínú gìtá bàbá rẹ̀, mo sì mú ìlérí náà ṣẹ. Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn nìyẹn, nítorí ẹ̀kẹta yẹn ni mo ṣe dúró nídìí iṣẹ́ náà.

Oòrùn ti rẹlẹ̀ nígbà tí mo dé Ìwó lọ́jọ́ tí mo yọ pọ́lọ́ọ̀gì náà. Iná wà ní àdúgbò. Gílóòbù ń tàn lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé, ẹnì kan ń lọ ata. Ọ̀gá Làmídì jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí. Mo dúró lókèèrè, mo dẹtí.

Kò kùn.

Mo súnmọ́ ọn. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo kúnlẹ̀, mo gbé pọ́lọ́ọ̀gì tí mo gé sórí itan rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀súbáà. Ó fi ìka pa kútẹ̀ẹ̀sì ara rẹ̀ títí.

"Ọ̀gá," mo ní, "ó ti pé."

Ó gbójú sókè sí mi. Ètè rẹ̀ gbọ̀n kí ohùn tó jáde, ohùn náà sì tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbẹ, bí ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

"Tún un kà."

Mo kà á fún un. Ilé-Ogbó, ìkan. Ó fa ìlẹ̀kẹ̀ kan. Olúpọ̀nnà, èjì. Ó fa ìlẹ̀kẹ̀ kan. Mo ní, "Kúta, ẹ̀ta." Ó fa ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó sì ká tẹ̀súbáà rẹ̀ sínú àpò.